Jíjí, Títají àti Pípé Iyè: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àkókò tí Oògùn Akunilóorun Ń Dá Lójú Aláìsàn

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn aláìsàn tí ń sọ Yorùbá máa ń bi dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Wọn kì í sábà béèrè bí ọ̀bẹ yóò ti wọlé jìn tó. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé: 'Ṣé màá jí?' Gbólóhùn kúkurú ni, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó sùn ní alẹ́ tí ó sì rí òwúrọ̀, 'Ẹ jíire' ni a fi ń kí i. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé 'Ẹ kú àjíǹde'. Ọ̀rọ̀ kan náà, àjíǹde, ni a fi ń pe dídìde kúrò nínú ipò òkú. Nítorí náà, bí dókítà bá dáhùn pé 'Ẹ ó jí', ohun tí aláìsàn ń gbọ́ lè ju ohun tí dókítà ń sọ lọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún àkókò náà wò, a ó sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ìwádìí ìṣègùn ti fi hàn. Èrò wa ni pé jí nìkan kò tó. Ìtají lẹ́yìn oògùn akunilóorun ní ìpele, èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìpele náà. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè ni kí a fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ààyè rẹ̀, nítorí pé bí a bá ṣì wọ́n lò, ara aláìsàn ni àṣìṣe náà yóò dé bá.

Ìdí tí a fi mú Ṣómólú àti Bàrígà

Yunifásítì Èkó, tí ó wà ní Akọkà, múlé ti àdúgbò méjèèjì. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣómólú, òmíràn sì wà ní Gbàgádà nítòsí. Ṣùgbọ́n ti èdè ni ó jẹ wá lógún jù. Àwọn atẹ̀wé ni a mọ Ṣómólú mọ́; ní etí ọ̀sà Bàrígà, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn ni ó tẹ̀dó; Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ sì ń gbé inú ilé kan náà, wọ́n ń jùmọ̀ lo ẹ̀rọ omi kan. Bí ọ̀rọ̀-ìperí kan bá yé atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí ó sì yé apẹja ní etí omi Bàrígà, a lè gbà pé yóò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbòmíràn.

Àwọn gbólóhùn tí a lè gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé tí ó dúró de aláìsàn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: 'Wọ́n ti kùn ún lóorun.' 'Ojú rẹ̀ ti là.' 'Ó ti ta jí.' 'Oorun kò tíì dá lójú rẹ̀.' 'Ó ti sọjí.' 'Iyè rẹ̀ kò tíì pé.' Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kò sí méjì nínú wọn tí ó jọ ara wọn tán. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti là lè wà síbẹ̀ kí oorun má tíì dá lójú rẹ̀.

Ṣé oorun ni, àbí kì í ṣe oorun?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1846, William Morton fi oògùn íítà kun aláìsàn kan lóorun ní ilé ìwòsàn kan ní Boston, ní ìlú Amẹ́ríkà, lójú ọ̀pọ̀ oníṣègùn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni Oliver Wendell Holmes kọ̀wé sí i láti dábàá orúkọ fún ipò náà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni ó mú, èyí tí ó túmọ̀ sí àìní ìmọ̀lára. Àìmọ̀lára ni Holmes fi sọ ọ́ lórúkọ; oorun ni Yorùbá fi sọ ọ́. A kò lè sọ pé ọ̀kan ṣìnà, nítorí pé apá kan lára nǹkan ni orúkọ máa ń mú.

Síbẹ̀, oorun lásán kọ́ ni. Ní ọdún 2010, Emery Brown, Ralph Lydic àti Nicholas Schiff kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó ṣàlàyé pé ipò tí oògùn wọ̀nyí ń fi ènìyàn sí jọ ti ẹni tí ó dákú pátápátá ju ti ẹni tí ó sùn lọ, àfi pé a lè yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó sùn, bí a bá gún un ní abẹ́rẹ́, yóò ta gìrì. Ẹni tí oògùn kùn kò ní mira, bí a tilẹ̀ la ikùn rẹ̀.

Ibí yìí ni atúmọ̀-èdè ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gẹ́lẹ́, dákú ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n 'A ó mú kí ẹ dákú' kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Kú tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé etí rẹ̀, ó sì lè dìde kí ó máa lọ ilé. Bí ó bá sì sọ oorun láìfi nǹkan kan kún un, aláìsàn lè máa rò pé bí ọ̀bẹ bá kàn án, òun yóò jí. Àwọn tí ń ka Bíbélì mọ oorun ìjìkà, èyí tí ó wúwo ju oorun alẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó mọ̀ ọ́n. Àbá wa ni oorun-oògùn, kí a sì máa ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: oorun tí ariwo tàbí ìrora kò lè jí ènìyàn nínú rẹ̀, àfi bí oògùn bá ti ń kúrò lára.

Ohun tí ìwádìí sọ nípa ìtají

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé 'ó jí' tàbí 'kò jí' kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ní ọdún 1970, J. Antonio Aldrete àti Diane Kroulik tẹ òṣùwọ̀n kan jáde tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kárí ayé tẹ́wọ́ gbà. Ohun márùn-ún ni ó ń wò: bí aláìsàn ti ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ti ń mí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ó ti jí tó, àti àwọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gba 0, 1 tàbí 2, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 10. A sábà máa ń retí kí aláìsàn gba 9 kí a tó gbé e kúrò ní yàrá tí a ti ń ṣọ́ ọ. Ẹ wò ó pé jíjí kò ju 2 lọ nínú 10. Nínú 2 náà, ẹni tí ó jí tán ni ó gba 2. Ẹni tí ó ń dáhùn kìkì bí a bá pè é gba 1.

Òṣùwọ̀n náà ní ẹ̀kọ́ kan fún atúmọ̀-èdè. Àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ara òyìnbó ń ní ni a kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àlàáfíà. Bí a bá túmọ̀ èyí ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan fún nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú adúláwọ̀, a ti ṣì í lọ́nà. Ahọ́n, ètè àti inú ìpéǹpéjú ni ó yẹ kí a kọ. Ní ọdún 1995, Aldrete fúnra rẹ̀ mú àwọ̀ kúrò, ó fi ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ọmọ ìka ń sọ.

Ní ọdún 1977, Michael Tunstall ní ilẹ̀ Scotland gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Kí a tó fún aláìsàn ní oògùn tí ń mú kí iṣan rọ, a ó fi ìgbànú ìfúnpá di apá rẹ̀ kan kí oògùn náà má baà dé ọwọ́ ọ̀hún. A ó wá máa sọ fún un pé kí ó fún wa lọ́wọ́ pọ̀. Ní ọdún 2017, Robert Sanders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde lórí 260 aláìsàn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè: nǹkan bí 12 nínú wọn dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni a ti kùn wọ́n lóorun. Àṣẹ tí a fi ń pe ènìyàn nínú irú ìdánwò yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní èdè wo ni a ó fi pe ìyá àgbà kan ní Bàrígà? Ṣé orúkọ tí ó wà nínú káàdì rẹ̀ ni, àbí 'Ìyá Bọ́lá' tí ó ti ń jẹ́ fún ogójì ọdún? Ṣé 'La ojú rẹ' ni, àbí 'Ẹ la ojú yín, Mà'? Kí a tó sọ pé ẹnì kan kò jẹ́ ìpè, ó yẹ kí a rí i dájú pé òun ni a pè.

Ìwádìí lára eku àti eṣinṣin, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, tún fi hàn pé ọ̀nà tí ọpọlọ gbà wọ inú ipò náà kọ́ ni ó ń gbà jáde: ìwọ̀n oògùn tí ó wà lára nígbà títají kéré sí èyí tí ó fi wọlé. Ní ọdún 2021, George Mashour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 60 ènìyàn tí ara wọ́n dá. Wọ́n fi oògùn isoflurane kun 30 nínú wọn lóorun fún wákàtí mẹ́ta. 30 yòókù kò gba oògùn rárá. Iyè àwọn tí ó gba oògùn kò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára láti ronú yanjú ọ̀ràn tètè padà, ó ṣáájú ìyára àti ìfiyèsí. Kí wákàtí mẹ́ta mìíràn tó pé, wọ́n ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Ẹ rántí pé ara àwọn wọ̀nyí dá, ọ̀bẹ kò sì kàn wọ́n. Ti àgbàlagbà tí àìsàn ti tán lókun lè yàtọ̀.

Àbá wa

A dábàá pé kí a pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́rin. Èkíní ni ìlajú: aláìsàn ń mí fúnra rẹ̀, ó sì la ojú bí a bá pè é. Èkejì ni ìjẹ́pè: ó ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, bíi kí ó fún ọwọ́ ẹni pọ̀ tàbí kí ó gbé orí sókè. Ẹ̀kẹta ni ìtají: oorun ti dá lójú rẹ̀, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀kẹrin ni ìpé-iyè: ó lè ronú, rántí kí ó sì ṣe ìpinnu bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Yàrá tí a ti ń ṣọ́ wọn, kí a máa pè é ní yàrá ìtají. Sọjí, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó dákú tàbí tí okun rẹ̀ tán. Ní ti àwọn tí ń jà tàbí tí ń sọ ìsọkúsọ nígbà tí wọ́n ń tají, a kò fara mọ́ ṣarán, nítorí pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni; ìdàrú-iyè ìgbà ìtají ni a yàn, ó sì bá ọmọdé mu pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún àwọn ará ilé pé 'Ó ti jí', ẹ̀kọ gbígbóná ni wọn yóò gbé wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ju ìlajú lọ, ọ̀fun rẹ̀ kò tíì lè ya ọ̀nà oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà èémí. Oúnjẹ náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti tají, tí ó ń bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ, lè rò pé òun lè gun ọ̀kadà òun lọ sílé tàbí kí òun fọwọ́ sí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí a sábà ń fún un ni pé kí ó má wa ọkọ̀ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá. Bí a bá ní 'Ó ti la ojú, ṣùgbọ́n kò tíì tají', ará ilé kì yóò tíì gbé ẹ̀kọ wá.

Àgbálọgbábọ̀

Àpapọ̀ ìwádìí tí Bruce Biccard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 25, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn tí ó kú, èyí tí ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó kú lẹ́yìn ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ìṣọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà náà, ni ó yẹ kí a mú lágbára, ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà lára ohun tí a fi ń ṣọ́ ènìyàn. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984 ṣí ọ̀nà fún àwa tí ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn.

Kí àwọn olùkọ́ dán ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí wò lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, kí àwọn atúmọ̀-èdè sì bá wa tún wọn ṣe. Nígbà tí aláìsàn bá wá béèrè pé 'Ṣé màá jí?', kí ìdáhùn má jẹ́ 'bẹ́ẹ̀ ni' lásán mọ́. Kí a lè sọ fún un pé: 'Ẹ ó kọ́kọ́ la ojú, ẹ ó jẹ́ ìpè wa, ẹ ó tají, iyè yín yóò sì pé, a ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí a ó fi rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.'