Ìfági wo ló yẹ ká kọ́kọ́ rà?

Ìfági ni irinṣẹ́ tí à ń tì lórí pákó kí ojú rẹ̀ lè dán. Àwọn káfíńtà mìíràn á pè é ní pléènì. "Fá" tó wà nínú ìfági, òun náà la fi ń fá irun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, oríṣiríṣi lẹ máa rí, owó wọn sì lè lé èèyàn jáde. Tèmi ni pé ẹyọ kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ àlòkù.

Gígùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní òkè, ó ní kòtò. Ìfági kúkúrú á bá òkè gòkè, á bá kòtò sọ̀ kalẹ̀, torí náà pákó lè dán kó má tẹ́jú. Èyí tó gùn ń rékọjá kòtò bí afárá. Òkè nìkan ló ń gé títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba.

Nọ́ńbà Stanley ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ọdún 1869 ni wọ́n ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ Leonard Bailey, ará Amẹ́ríkà, tí ìfági onírin òde òní ṣì jọ tirẹ̀. Nọ́ńbà 4 tó nǹkan bí ínǹṣì 9. Dídán ni iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 7 tó ínǹṣì 22, fún etí pákó méjì tí a fẹ́ lẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà 5, ínǹṣì 14, wà láàárín.

Nọ́ńbà 5 yìí ni mo máa ní kí ẹ rà. Ṣé ilẹ̀kùn yín máa ń há nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀? Igi ló mu omi inú afẹ́fẹ́ tó sì wú. Ẹ yọ abẹ ìfági síta díẹ̀, á gé púpọ̀. Ẹ fà á wọlé, á máa dán ojú igi.

Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ mú rúlà irin dání, kí ẹ fi wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tẹ́jú. Bó bá dógùn-ún díẹ̀, kò burú, ó ṣeé ha. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ibi tí abẹ ti ń yọ bá ti sán, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó ẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá abẹ náà ṣì gùn tó láti pọ́n.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra òkúta ìpọ́nrin. Ìfági olówó gọbọi tí abẹ rẹ̀ kú, kò sàn ju òkò lọ. Èyí tó mú á máa yọ èérún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ká bíi rìbọ́ọ̀nù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ irun yẹn. Igi náà ní ibi tí fọ́nrán rẹ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá fá a lòdì, abẹ á wọ abẹ́ fọ́nrán, á sì máa fà á ya. Ẹ má fipá tì í o. Ẹ kàn yí pákó padà ni.

Ọ̀rọ̀ tòní: abẹ tó *mú* ń gé dáadáa, èyí tó *kú* kò gé mọ́, tí a bá *pọ́n* ọn, á tún mú. Ó dìgbà kan ná!