Integra Padà Dé: Ṣé Bàbá Ló Dé, Àbí Ẹni Tó Kàn Ń Jẹ́ Orúkọ Bàbá?

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn mọ́tò, kó má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, torí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbí ní Maryland, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Láti ọdún 1999 ló ti ní Acura Integra kan, GS-R onílẹ̀kùn méjì, dúdú. Owó ófátáìmù tó fi ọdún méjì ṣe lóru ló fi rà á. Mọ́tò yẹn ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí ìyẹn dé láti ilé, òun náà ló sì fi gbé àkọ́bí rẹ̀ kúrò ní ọsibítù. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 19 báyìí, ó sì ríṣẹ́ tí yóò máa fi ara rẹ̀ kọ́wèé. Ó nílò mọ́tò, torí ibi tó ń lọ jìnnà.

Bí ìjà ṣe dé nìyẹn. Bàbá ní òun máa fún un ní GS-R. Ọmọ ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n Integra tuntun lòun ń fẹ́, èyí tó jáde ní 2022. Ìyá ní òun ò mọ èyí tó ń jẹ́ Integra nínú gbogbo wọn, ohun tó bá máa dáàbò bo ọmọ òun ni kí wọ́n rà. Ni wọ́n bá ní kí n wá dá ẹjọ́. Ẹ ó bi mí pé kí ló kàn mí? Èmi ni mo ni Acura RSX, mọ́tò tó wà láàárín àtijọ́ àti tuntun. Wọ́n ní ẹni tó bá wà láàárín ló lè dájọ́ òtítọ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìtàn ìdílé náà ná, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ọdún 1986 ni Honda dá Acura sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí. Mọ́tò méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Legend, èyí tó tóbi, àti Integra, èyí tó kéré. Integra yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Kò wọ́n jù, kò jẹ epo jù, ó sì yá lẹ́sẹ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni ìran kẹta, tí wọ́n tà láti 1994 di 2001, tó ní iná iwájú róbótó kéékèèké mẹ́rin bí ojú aláǹtakùn. Bí ẹ bá gbé Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ẹ ó ti rí i.

GS-R ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 170. Ohun tó mú kí orí àwọn èèyàn yí ni VTEC. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ bí mẹkáníìkì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá ń rọra wà á, àwọn fáàfù inú ẹ́ńjìnnì máa ń ṣí díẹ̀, mọ́tò á sì máa lọ jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí tó ìgbà 4,400 ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì á ti irin kékeré kan sí ipò mìíràn, àwọn fáàfù á wá ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ àti epo á rọ́ wọlé. Ohùn mọ́tò á yí padà lójijì, á máa ké. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ní 1997 ni wọ́n tún gbé Type R dé, agbára ẹṣin 195. Wọ́n yọ àwọn nǹkan tó ń mú un wúwo kúrò, wọ́n sì mú ara rẹ̀ le. Kò tó $25,000 nígbà náà. Lónìí, àwọn tí kò tíì rìn púpọ̀ nínú wọn ń pa owó tó ju ìyẹn lọ fíìfíì níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo. Àwọn olè náà mọ iyì rẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì Integra máa ń wọ inú Honda Civic bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jí i gbé láìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi ẹ̀wọ̀n irin de sítíárìn rẹ̀ di òní olónìí.

Ìgbà tó di 2001, Acura pa orúkọ Integra tì. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́lẹ̀: Vigor di TL, Legend di RL. Wọ́n fẹ́ kí aráyé máa pe Acura, kí wọ́n má máa pe orúkọ mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ni arọ́pò Integra bá dé pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta: RSX. Ohun tó wá dun àwọn èèyàn níbí jù ni pé ní Japan, Integra náà ni wọ́n ṣì ń pe mọ́tò kan náà yẹn.

Èmi ra tèmi ní 2003, Type-S, agbára ẹṣin 200, jíà mẹ́fà. Inú mi dùn, mo wà á lọ sí ibi tí àwọn oní-Integra ti máa ń pàdé ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ gbà mí o! Wọ́n wò mí bí ẹni tó wọ agbádá yíyá wá sóde. Ọ̀kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ó ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Kò parọ́. Integra àtijọ́ ní apá méjì tó di táyà iwájú mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kó di ilẹ̀ mú tó bá ń ṣẹ́ kọ́nà. RSX kò ní apá ti òkè yẹn, ṣọ́ọ̀kì ló dúró dípò rẹ̀, torí ìyẹn kò gba àyè púpọ̀. Wọ́n tún ní ó wúwo, wọ́n ní ó ti sanra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn lágbára jù ní ìsàlẹ̀, tàbí pé ẹ̀wọ̀n irin ló ń yí inú rẹ̀ dípò bẹ́líìtì tí oní-GS-R gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ kó má baà já lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí wà lára àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ la ti mọra.

Ní 2006, wọ́n dá RSX dúró. Wọn ò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀ ní tààrà. Nígbà tó yá, ILX dé, kò sì sẹ́ni tó bá a jà, kò sì sẹ́ni tó bá a ṣọ̀rẹ́. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń bú RSX ní 2003 bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Tí mo bá pàkì sí ibi tí mo ti ń ra epo, àwọn ọmọdé á wá bi mí bóyá mo máa tà á. Tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ó ti di ojúlówó nìyẹn. Nílé náà, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ rántí àwọn bàbá wa tó ní kò sí ohun tí 505 fẹ́ fi han 504.

Ìgbà tí Acura wá kéde ní 2021 pé Integra ń padà bọ̀, ariwo ta. Ogún ọdún lẹ́yìn tí orúkọ náà ti sùn! Àwa Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀: Babátúndé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, àwọn àgbà Integra kò sọ pé ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn márùn-ún ló ní, kì í ṣe mẹ́ta. Wọ́n ní Civic tó wọ aṣọ òde ni. Wọ́n ní ó wúwo ju 3,000 pọ́n-ùn lọ, nígbà tí GS-R kò tó 2,700. Wọ́n ní ọ́tò ni púpọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó bá fẹ́ mánúà gbọ́dọ̀ ra èyí tó wọ́n, A-Spec tó ní gbogbo ẹ̀rọ ìgbàlódé lára. Ẹ sì mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ le jù? Èmi oní-RSX ni. Èmi tí wọ́n bú lánàá ni mo di olóòtú èébú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 tó wà nínú rẹ̀ ní túbò. Èéfín tó ń jáde ló ń yí fáànù kan tó ń ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Agbára ẹṣin 200 ló ní, iye kan náà pẹ̀lú RSX Type-S tèmi, kò sì nílò kó ké kó tó lágbára. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń fà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ohùn àtijọ́. Ní Marysville, Ohio, ni wọ́n ti ń ṣe é, Integra àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní 2023, àwọn oníròyìn mọ́tò fún un ní àmì-ẹ̀yẹ mọ́tò ọdún ní Àríwá Amẹ́ríkà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Type S dé, agbára ẹṣin 320, mánúà nìkan. Àwọn tó ń pariwo mánúà rí ohun tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ní $50,000, ni ẹnu bá wọhò.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, bàbá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ náà mọ̀. Mọ́tò yìí, ọwọ́ mi ni mo fi ń tún un ṣe. Mo mọ gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀. Èyí tuntun yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń wà á." Ọmọ ní, "Dádì, ẹ má bínú. Mo fẹ́ràn tiyín, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní mánúà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé màá bà á jẹ́. Bí nǹkan bá ṣe é lọ́wọ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé láé." Mi ò tíì ronú sí ibẹ̀ yẹn rí.

Ìyá dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ohùn ẹ́ńjìnnì. Èmi ń sọ̀rọ̀ orí ọmọ mi. Ojú ọ̀nà 95 tó fẹ́ máa gbà lójoojúmọ́, tí tírélà bá yà sí i, ṣé ohùn ló máa gbà á sílẹ̀?"

Ẹnu wa pa mọ́. GS-R ní àpò afẹ́fẹ́ méjì níwájú, kò ní ti ẹ̀gbẹ́ rárá. Kò ní ẹ̀rọ tó ń gba mọ́tò mú tó bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ di dandan fún gbogbo mọ́tò tuntun láti ìran 2012. RSX tèmi náà kò ní in. Integra tuntun ní in, ó ní àpò afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ tó bá rí i pé ẹ fẹ́ gbá nǹkan. Ara àwọn nǹkan tó mú un wúwo tí a ń bú u sí nìyẹn.

A lọ sí ilé ìtajà kan lọ́jọ́ Sátidé, a ní kí wọ́n jẹ́ ká wa A-Spec mánúà wò. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan jíà, ó mi orí díẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó fà á láti jíà kẹrin wá sí ìkẹta, mọ́tò fúnra rẹ̀ gbé ìyára ẹ́ńjìnnì sókè kí ìyípadà náà má baà gbọ̀n wá. Ẹ̀gbọ́n figbe ta: "Ta ló ní kó bá mi ṣe é?" Nígbà tí a dúró, ọmọ na ọwọ́ sí iwájú, ó wá a kàn, ó pa á. Ó ní, "Ẹ tún wà á báyìí, Dádì." Bàbá tún wà á, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú fèrèsé ló kọ sí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní, "Kì í ṣe bàbá ló dé. Ọmọ ni. Ẹ yéé fi bàbá wé e." Ìdájọ́ mi náà nìyẹn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà, ṣùgbọ́n a kì í fi àkísà bo ọmọ nínú òtútù. Wọn ò ra tuntun o, torí tuntun tó rọjú jù náà ti lé ní $30,000, ti mánúà sì ga jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wá ti 2023 alòkù kan báyìí, mánúà. Ọmọ máa san apá kan nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa san ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀. GS-R kò níí lọ síbì kankan. Bàbá àti ọmọ ni yóò jọ pààrọ̀ bẹ́líìtì inú rẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ ra Integra àtijọ́, ẹ fọwọ́ wá ìpẹtà lókè táyà ẹ̀yìn, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ́yìn, ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà ara mọ́tò bá ìwé rẹ̀ mu, torí èyí tí olè ti fọwọ́ kàn pọ̀ níta. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní in, ẹ má bú tuntun jù. Àwa oní-RSX ti gba tiwa, a mọ bó ṣe ń rí. Ó dìgbà kan ná o.