Síńkì Tí Ń Jìyà Dípò Irin

Bí ìṣó bá ha ara páànù òrùlé títí irin abẹ́ rẹ̀ fi hàn, ojú ọgbẹ́ náà a máa pẹ́ kí ó tó dípẹtà. Ṣùgbọ́n bí a bá ha ara agolo mílíìkì bẹ́ẹ̀, tí a sì fi í sílẹ̀ nínú òjò, kò ní pẹ́ tí yóò fi pọ́n bí osùn. Irin ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Kí ni ó wá mú ìyàtọ̀ wá?

Aṣọ tí a fi wọ irin ni. Tánganran ni a fi bo agolo; síńkì ni a fi bo páànù. Tánganran kì í tètè bàjẹ́, ẹni tí kò mọ̀ a sì rò pé òun ni ó sàn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí omi bá ti kan irin àti tánganran pọ̀, irin ni í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti kan irin àti síńkì pọ̀, síńkì tí kò le tó irin ni í kọ́kọ́ bàjẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí síńkì bá ṣì kù nítòsí ọgbẹ́ náà, irin wà láìléwu.

Ní ọdún 1824, ọ̀mọ̀wé ará England kan, Humphry Davy, so irin àti síńkì mọ́ bàbà tí a fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun ojú omi. Omi òkun kò jẹ bàbà náà mọ́. Ṣùgbọ́n ewéko àti ìkarahun wá ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, nítorí oró bàbà tí ń yọ́ sínú omi ni ó ti ń lé wọn tẹ́lẹ̀. A sì pa ìlànà náà tì. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí fífi síńkì bo irin.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà bò ó. Èkínní ni kí a ri irin tí a ti fọ̀ mọ́ bọ inú síńkì tí iná ti yọ́. Èyí nípọn, ó sì yẹ fún páànù àti korobá. Èkejì ni ti iná mànàmáná, fún ìṣó àti àwọn irin wẹ́wẹ́. A ó gbé irin náà sínú omi tí a ti po iyọ̀ síńkì sí, a ó sì fi awẹ́ síńkì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ó so awẹ́ náà mọ́ ẹnu kan bátìrì, irin mọ́ ẹnu kejì. Síńkì yóò máa kúrò lára awẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, yóò la omi kọjá, yóò sì lẹ̀ mọ́ irin. Aṣọ yìí fẹ́lẹ́. Kì í pẹ́ lójú òjò bí ti èkínní.

Ohun tí ń jìyà dípò òmíràn a máa tán. Nítorí náà, kí a má ṣe to páànù tuntun tí ó tutù lé ara wọn, kí ìyẹ̀fun funfun má bàa hù, kí ó sì jẹ síńkì. Kí a gbá ewé rírà kúrò lórí òrùlé.

Kí a má ṣe tọ́jú ẹmu, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi ògì kíkan sínú korobá tí a fi síńkì bò. Ìkan wọn a máa yọ́ síńkì sínú ohun mímu, ẹni tí ó bá mu ún a sì máa bì, inú a sì máa run ún. Kí alágbẹ̀dẹ má sì ṣe fín èéfín funfun tí ń jáde lára páànù nínú iná, nítorí ó lè mú ibà àti òtútù wá ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní gbogbo ọdún, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, kí baálé wo òrùlé rẹ̀. Níbi tí ó bá ti pọ́n, síńkì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kí ó ha ìpẹtà náà kúrò, kí ó sì fi ọ̀dà kùn ún kí òjò tó dé.