Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ìrántí Inú Ara

Àwọn baba wa kò kọ ìtàn wọn sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó ṣègbé. Oríkì gba díẹ̀ pamọ́, ilà ojú gba díẹ̀, ijó náà sì gba tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1995, a lè rí èyí gbangba nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Òru ni ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Orin ni ó fi ń yin ẹni rere, orin náà ni ó sì fi ń bá ọ̀bàyéjẹ́ wí. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an di ọ̀sán. Ọkùnrin ni oníjó, ṣùgbọ́n a sábà máa ń rí i nínú ìmúra obìnrin: ó fi igi ṣe ọmú, ó di aṣọ mọ́ ìdí kí ó lè tóbi, ó sì gbé ère rù. Láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa, kí a sì tù wọ́n nínú, ni a ṣe ń jó o. Nítorí a gbà pé agbára láti dá ẹ̀mí sí àti láti pa á run wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ oníjó nísinsìnyí. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀; ìkù irin tí ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Bí onílù bá sọ gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjèèjì sì jọ parí rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, fífò lásán ni ó ń fò. Ẹni tí ó gbọ́ ọ, ìwé ni ó ń fi ẹsẹ̀ kà.

Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà wá ń kọ́ èdè àjèjì méjì ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ìlù kò mọ ààlà. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó jẹ́ ohun ìní fún gbogbo ènìyàn; nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ni ó jọ wà níbẹ̀.

Àwọn kan rò pé ijó òde-òní kò ní gbòǹgbò. Ẹ wo Germaine Acogny, tí a bí ní Benin ní 1944, tí ó sì dàgbà ní Sẹ̀nẹ̀gà. Olórìṣà Yorùbá ni ìyá bàbá rẹ̀. Ní 2015, nínú ijó kan tí òun nìkan jó, ó fi ara rẹ̀ wádìí ọ̀nà tí ìyá náà àti bàbá rẹ̀ gbà di ara ẹni tí òun jẹ́. Ní 2021, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice. Tuntun ni ijó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń jó.

Ewu tí ó wà fún wa nìyí: ère ṣe é tà, ó sì ṣe é gbé sínú àpótí gíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ kò ṣe é gbé bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá kọ́ gbólóhùn ìlù lọ́dọ̀ àgbà, ère yóò kù, ọ̀rọ̀ yóò lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde nílùú yín, ẹ kọ́kọ́ bi onílù léèrè ohun tí ó wí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀.