Ìkélé Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ ní Ilé Ìtajà: Èwo Ni Yóò Pẹ́, Èwo Ni Yóò Bò Wá Láṣìírí?

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ń tijú ọ̀rọ̀, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ìyá kan tí ń ta ẹja gbígbẹ wọlé tọ̀ mí wá ní ilé ìwòsàn wa ní Ejìnrìn. Ìtọ̀ ń ta á bí ata, ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, ara rẹ̀ sì gbóná. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún kan. Mo bi í pé, "Ìyá mi, omi mélòó ni ẹ mu láti àárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá mu omi, níbo ni ẹ fẹ́ kí n tọ̀ ọ́ sí?"

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ilé ìtajà tí ó ń jókòó síwájú rẹ̀ o. Yàrá mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ìkélé pákó tí wọ́n fi pín in ti jẹrà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn kan kò ní bóòtù, òmíràn ti já. Ẹni tí ó lóṣòó nínú ọ̀kan, ẹni tí ó wà nínú èkejì ń wò ó. Nítorí náà ni ìyá yìí ṣe ń mú ìtọ̀ mọ́ra láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò mu omi tó, tí ó sì ń mú ìtọ̀ mọ́ra, ń fún kòkòrò àrùn láyè láti gbilẹ̀ nínú àpò ìtọ̀. Oògùn tí mo fún un wò ó sàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà ni ì bá ti gbà á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Láyé àtijọ́, ọjà Ejìnrìn lókìkí púpọ̀ létí ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò Èkó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wá, àwọn ará Ìjẹ̀bú sì ń ru oúnjẹ àti epo pupa wá pàdé wọn. Lónìí, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ilé ìtajà alájà, ilé epo àti ilé oúnjẹ ni a ń kọ́. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ kò bá bo ènìyàn, etí omi àti gọ́tà ni èrò yóò máa lọ. Àrùn kọ́lẹ́rà sì ń tinú ìgbẹ́ dé inú omi àti oúnjẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, abúlé kan nítòsí Èkó ni wọ́n ti rí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó tún jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 pé kí ìyàgbẹ́ sí gbangba dópin títí di ọdún 2025. Ọdún náà dé, ìyàgbẹ́ sí gbangba kò dópin. Ẹ jẹ́ kí onílé kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀.

Kí ni kí a fi ṣe ìkélé? Pákó àti pláíwúdù kò wọ́n, ṣùgbọ́n omi ń wú wọn, ikán ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń mu ìtọ̀ títí òórùn kò fi ní lọ mọ́. Ọ̀dà ń bò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Páànù ń tètè dípàárà nínú ọ̀rinrin ọ̀sà wa. Etí rẹ̀ a sì máa gé ènìyàn lára. Irin tí kì í dípàárà dára, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì yẹ kí a fi omi ṣan Jik kúrò lára rẹ̀ kíákíá, nítorí Jik lè jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tuntun, ògiri búlọ́ọ̀kù tí a lẹ táìlì mọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ di àárín táìlì dáadáa kí ìdọ̀tí má bàa ríbi sá sí. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ kọ́kọ́ bi ẹnjiníà. Níbi tí ògiri kò bá ti ṣeé ṣe, ẹ lo ike líle tí ó nípọn, tàbí fọ́míkà tí ó nípọn látòkè délẹ̀. Omi kì í wú wọn, ikán kì í jẹ wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná sún mọ́ ike. Ẹ sì ṣọ́ra fún fọ́míkà fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ pákó lásán: ẹ gé ègé kan, ẹ rì í sínú omi fún ọjọ́ méje. Bí ó bá wú, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má ṣe wo ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ìkélé tí ó wọ́pọ̀ ga ní íǹṣì 58, ó sì fi íǹṣì 12 jìnnà sí ilẹ̀. Ìyẹn lè tó ẹni tí ó jókòó. Kò bo ẹni tí ó lóṣòó. Tiwa kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 6, àlàfo ìsàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, kí omi ìfọlẹ̀ lè ṣàn jáde. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, kí a lè fa ẹni tí ó bá dákú sínú ilé jáde. Kí bóòtù wà nínú, kí ìkọ́ wà lára ògiri, kí ìyá ọjà má bàa gbé àpò owó rẹ̀ sílẹ̀ tútù. Kí garawa olómorí wà fún ohun tí obìnrin lò nígbà nǹkan oṣù. Kí yàrá kan fẹ̀ tó fún arúgbó àti ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ.

Ní ti ẹwà, àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ yàn, nítorí kì í fi ìdọ̀tí pamọ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ìkélé lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe da Jik pọ̀ mọ́ ásíìdì ìfọgbọ̀nsẹ̀ láéláé. Èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ẹ lè sọ pé owó rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n pákó tí à ń pààrọ̀ ní ọdọọdún, ta ni ń ṣírò tirẹ̀?

Onílé ìtajà ọjọ́sí ti fi búlọ́ọ̀kù àti táìlì tún tirẹ̀ ṣe. Ìyá ẹlẹ́ja kọjá níwájú wa ní ọjà tí ó kọjá, ó gbé ike omi rẹ̀ sókè kí n lè rí i. Ó ti mu ún dé ìdajì, ọ̀sán kò sì tíì pọ́n.