Ẹrù tàbí Agbagbára? Èdè-Ìperí fún Gbígba Ohùn Gìtá Sílẹ̀ Nínú Ilé

1. Ìfáárà

Èdè-ìperí tí kò bá ohun tí ó ń tọ́ka sí mu lè mú kí òye akẹ́kọ̀ọ́ dàrú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè ba ohun èlò olówó gọbọi jẹ́. Irú rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ọ̀pọ̀ olórin ni ó ń gba ohùn gìtá sílẹ̀ nínú ilé ara wọn lónìí, tí wọ́n sì ń lo kọ̀ǹpútà láti ṣe é. Ẹ̀rọ tí ó ń mú ohùn gìtá ròkè, èyí tí àwọn olórin ń pè ní áńpù, ni a ó pè ní amóhùnròkè níhìn-ín. A kò lo ‘agbóhùnròkè’, nítorí pé bí ìpajẹ bá ti wáyé, gbé ohùn àti gbọ́ ohùn yóò di gbóhùn bákan náà. Àwọn amóhùnròkè onífáàfù kì í sábà mú ohùn tí àwọn olórin ń fẹ́ jáde àfi bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò kò ní gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ láàyè. Nítorí náà ni a ṣe ṣe àpótí kan tí a ń so mọ́ amóhùnròkè ní ipò sípíkà. Kí ni kí a máa pe àpótí yìí?

2. Bí àpótí náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Òòfà tí a fi wáyà wé, tí ó wà lábẹ́ okùn gìtá, ni ó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná mànàmáná tí kò lágbára. Amóhùnròkè yóò fi agbára kún un títí yóò fi lè mi sípíkà. Nínú amóhùnròkè onífáàfù, tíráńsífọ́mà kan wà láàárín fáàfù àti sípíkà. Òun ni a ó pè ní tíráńsífọ́mà ìjáde. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni a ti máa ń rí nọ́ńbà bíi 4, 8 tàbí 16. Iye óòmù ni wọ́n, ìwọ̀n tí a fi orúkọ Georg Simon Ohm pè, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827.

Ẹ jẹ́ kí a mú amóhùnròkè oníwáàtì 20 tí a so mọ́ óòmù 8 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí a bá sọ 20 di ìlọ́po 8, 160 ni. Fóòtì tí yóò máa jáde yóò sì tó 12.6, nítorí pé bí a bá sọ 12.6 di ìlọ́po ara rẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 160. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi fóòtì 1 ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ń retí. Iṣẹ́ méjì ni àpótí wa ń ṣe, nígbà náà: ó ń gba gbogbo agbára náà, ó sì ń sọ ọ́ di ooru, ó tún ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.

3. Àléébù tí ó wà nínú ‘ẹrù’

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí ń gba agbára yìí ni wọ́n ń lò fún ẹrù orí. Òǹtumọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé wọn yóò kọ gbólóhùn bí èyí:

(1) Má ṣe tan áńpù láìsí ẹrù.

Àwọn kan lè rò pé kí a gbé nǹkan lé áńpù lórí ni. Èyí tí ó burú jù ni pé, ní èrò Yorùbá, ìsinmi ni kí a sọ ẹrù kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé bí òun bá yọ wáyà sípíkà, òun mú ìnira kúrò fún ẹ̀rọ ni. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí kò bá sí ohun tí yóò gba agbára, fóòtì inú tíráńsífọ́mà ìjáde yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ. Iná lè fò láàárín wáyà inú rẹ̀, kí tíráńsífọ́mà náà sì jó. Ẹni tí ó ń fi ọmọ odó lu odó òfìfo mọ èyí: iyán ni ó yẹ kí ó gba agbára ọmọ odó, bí kò bá sí iyán, odó ni yóò là.

Ohun tí a dábàá ni agbagbára: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- pẹ̀lú gba agbára.

(2) Má ṣe tan amóhùnròkè láìsí agbagbára.

Àpótí náà yóò wá jẹ́ àpótí agbagbára. A rọ àwọn atẹ̀wé kí wọ́n má ṣe fi àmì ohùn ṣeré: bí ohùn òkè bá wà lórí sílébù kejì, agbágbára ni ó dà, ìyẹn ohun tí ń gbé agbára, èyí tí ó bá wáyà mu.

4. ‘Ìdènà’ àti ‘ìdíwọ́’

Ẹni tí ó bá dènà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ohun tí a fi óòmù wọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí iná kọjá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí náà, ìdíwọ́ ni a fara mọ́. Ìdíwọ́ sípíkà kì í dúró lójú kan. Sípíkà tí a kọ 8 sí lára lè ní ìdíwọ́ tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po níbi ìró ìsàlẹ̀ kan, yóò sì tún máa pọ̀ sí i bí ìró ti ń lọ sókè. Ohùn amóhùnròkè onífáàfù ń yí padà tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí agbagbára fi pín sí ọ̀nà méjì: agbagbára alójúkan, tí ìdíwọ́ rẹ̀ kì í yí, àti agbagbára afarawé-sípíkà, tí tirẹ̀ ń yí bíi ti sípíkà.

5. Àwọn tí a kò gbọdọ̀ dàpọ̀

(a) Adínagbárakù: ó wà láàárín amóhùnròkè àti sípíkà, ó ń gba apá kan agbára, ó sì ń jẹ́ kí ìyókù kọjá sí sípíkà.
(b) Abùró: ó ń bu ìró fún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nìkan, kì í gba agbára. Ẹni tí ó bá fi í rọ́pò sípíkà ti fi tíráńsífọ́mà rẹ̀ wewu.

6. Ìlànà ìsopọ̀

(i) Kí a pa amóhùnròkè.
(ii) Kí óòmù agbagbára bá èyí tí a yàn lẹ́yìn amóhùnròkè mu, kí wáàtì tí ó lè gbà má sì kéré sí ti amóhùnròkè.
(iii) Kí a lo wáyà sípíkà. Wáyà gìtá tín-ín-rín nínú. Iná kékeré ni a ṣe é fún.
(iv) Kí a so ojú ìbùró àpótí náà mọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ìró di òǹkà fún kọ̀ǹpútà.
(v) Ẹ̀yìn èyí ni kí a tó tan amóhùnròkè. Kí a má ṣe yọ wáyà níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, kí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí àpótí náà.

Sípíkà gìtá kì í sábà gbé ìró tí ó ga ju nǹkan bíi ìgbọ̀n 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jáde dáadáa. Bí a kò bá fi kọ̀ǹpútà tàbí àpótí náà fúnra rẹ̀ ṣe irú àsẹ́ yìí, ohùn náà yóò máa ta létí.

7. Ìgúnlẹ̀

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn amóhùnròkè onítírànsísítọ̀ kì í bàjẹ́ bí kò bá sí agbagbára. Bí óòmù bá kéré jù ni ewu wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni àwọn tí ń lo irú méjèèjì yóò kà. Bí olùkọ́ bá lo ‘ẹrù’, yóò ní láti ṣe àlàyé kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ṣìnà. Bí ó bá lo agbagbára, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò ṣe àlàyé. A fi àbá yìí síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, kí wọ́n fi ìṣe wò ó.