Ìṣirò Ìdènà àti Agbára Iná Mànàmáná: Àlàyé lórí “Háàfù Kọ́rẹ́ǹtì” fún Àwọn Oníṣẹ́-ọwọ́ Ṣómólú àti Bàrígà

Àṣamọ̀

Ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní “háàfù kọ́rẹ́ǹtì” ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. A lo òfin Óòmù láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò ìdènà àti agbára iná láti ara fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì. A fi hàn pé fólítéèjì ni ó ń dín kù nígbà tí a bá ń ráhùn pé kọ́rẹ́ǹtì kò pé, àti pé nínú mọ́tò, ńṣe ni kọ́rẹ́ǹtì tilẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí lè jó ẹ̀rọ, ó sì lè jó ilé.

1.0 Ìfáárà

Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Ṣómólú nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti páálí ìdìjà ń ti ibẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Ní Bàrígà, tí ó di àgbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2003, àwọn aránṣọ, onídìrí àti wẹ́dà pọ̀ lọ jàra. Iná mànàmáná ni òpómúléró iṣẹ́ gbogbo wọn. Nígbà tí gílóòbù bá ń tàn bí iná àtùpà, gbogbo wọn a ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá. Kí ni ó dín kù gan-an?

2.0 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ẹ jẹ́ kí a fi táǹkì omi tí a gbé sórí irin nínú àgbàlá ṣe àpèjúwe. Bí táǹkì bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe fi ipá jáde tó. Ipá yìí ni a lè fi wé fólítéèjì (V), tí a ń fi fólítì wọ̀n. Ìwọ̀n omi tí ń ṣàn kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a lè fi wé kọ́rẹ́ǹtì (I), tí a ń fi áńpíà wọ̀n. Bí páìpù bá tín-ín-rín, omi kò ní lè ṣàn dáadáa. Èyí ni ìdènà (R), tí a ń fi óòmù wọ̀n. Agbára (P), tí a ń fi wáàtì wọ̀n, ni bí iṣẹ́ tí iná ń ṣe ṣe ń yára tó.

Georg Simon Ohm, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì, ni ó gbé òfin tí ó so mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1827.

3.0 Ìlànà ìṣirò

Ìlànà méjì péré ni a nílò:

R = V ÷ I
P = V × I

Ká ní áyọ́ọ̀nù aránṣọ kan ń gba áńpíà 5 nígbà tí iná pé 230 fólítì, èyí tí a là kalẹ̀ fún ilé ní Nàìjíríà. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ 230 ÷ 5, èyí tí í ṣe óòmù 46. Agbára rẹ̀ jẹ́ 230 × 5, èyí tí í ṣe wáàtì 1,150. Bí aránṣọ náà bá fi lọṣọ fún wákàtí méjì gbáko tí iná áyọ́ọ̀nù kò já, yúníìtì 2.3 ni mítà yóò yọ, nítorí pé wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan.

4.0 Háàfù kọ́rẹ́ǹtì nínú áyọ́ọ̀nù àti nínú mọ́tò

Bí fólítéèjì bá wálẹ̀ sí 161, ìdènà áyọ́ọ̀nù náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kọ́rẹ́ǹtì yóò di 161 ÷ 46, ìyẹn áńpíà 3.5. Agbára yóò di 161 × 3.5, ìyẹn wáàtì 563.5. Ẹ kíyè sí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni fólítéèjì fi dín kù, ṣùgbọ́n agbára kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aránṣọ yóò pẹ́ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ní bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgépèépà kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú mọ́tò kò dín kù nítorí pé iná kò pé. Bébà tí ó fẹ́ gé kò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá ń béèrè wáàtì 1,150, kọ́rẹ́ǹtì yóò ti orí áńpíà 5 gòkè sí bí áńpíà 7.1 nígbà tí fólítéèjì bá di 161. Ìfojúdíwọ̀n ni èyí, nítorí pé nínú mọ́tò, V × I nìkan kò sọ gbogbo agbára tán. Síbẹ̀, ọ̀nà tí nǹkan ń gbà lọ nìyẹn. Ooru inú wáyà mọ́tò sì ń tẹ̀ lé ìlànà yìí:

P = I × I × R

Nítorí náà, ooru náà yóò ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mọ́tò fi ń jó lọ́jọ́ tí iná kò lágbára.

Sítábíláísà lè gbé fólítéèjì sókè, ṣùgbọ́n kì í dá iná. Kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i ni yóò fà láti orí wáyà àdúgbò, èyí tí yóò tún mú kí ti aládùúgbò wálẹ̀ sí i.

5.0 Wáyà àti ewu iná

Ìlànà ooru yìí kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wáyà ẹ́ksítẹ́ńṣọ̀n. Ká ní ìdènà wáyà kan jẹ́ óòmù 0.5. Bí áńpíà 4 bá gbà á kọjá, ooru rẹ̀ jẹ́ 4 × 4 × 0.5, ìyẹn wáàtì 8. Bí a bá kó ẹ̀rọ mẹ́ta irú kan náà sí i, kọ́rẹ́ǹtì di áńpíà 12, ooru sì di wáàtì 72. Ẹrù di ìlọ́po mẹ́ta, ooru di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Níbi tí bébà àti yíǹkì bá kún ilẹ̀, ewu ńlá ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí kọ́rẹ́ǹtì bá ṣe pọ̀ tó ni kí wáyà ṣe nípọn tó.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ẹni tí ó bá mọ méjì nínú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí lè ṣírò ìyókù. A dá a lábàá pé kí oníṣẹ́-ọwọ́ máa ka fólítì àti áńpíà tí a kọ sí ara ẹ̀rọ kí ó tó ra wáyà, kí ó máa fi mítà wo fólítéèjì kí ó tó tan mọ́tò, kí ó sì pa á bí fólítéèjì bá rẹlẹ̀ jù. Kí ó má ṣe tú wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ìṣirò ìṣẹ́jú kan lórí bébà sàn ju mọ́tò tí ó jó lọ.